Ọjọ́ Tí Bàbá Ẹ-Jẹ́-Kó-Mí Há Sí Àjà Ilé Ìkàwé

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ-Jẹ́-Kó-Mí há sínú ihò àjà ilé ìkàwé. Láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro lókè orí alága ìgbìmọ̀ ìlú. Apá tó kù wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó jókòó sórí àga ìnàyìn.

"Bàbá, ṣé kò sí o?" Ìyá tó ń tọ́jú ìwé ló kígbe bẹ́ẹ̀.

"Kí ni ì bá wà? Ẹ jẹ́ n parí àlàyé mi fún alága!"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú ìyá yìí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nínú ilé àtijọ́ náà, ooru ibẹ̀ sì lè se ẹyin jinná. Ẹ́ẹ̀sì mẹ́fà, ẹ̀rọ amúlétutù, ń mu iná bí ẹní mu omi, síbẹ̀ òógùn ń kán sórí ìwé. Alága ti wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́: wọ́n máa ti gbọ̀ngàn ìkàwé pa nítorí ooru àti owó iná.

Káfíńtà ló lóun rí ọ̀nà àbáyọ. Ihò afẹ́fẹ́ méjìlá ni àwọn tó kọ́ ilé náà dá sí àjà rẹ̀. Àwọn ọ̀làjú tó gbé ẹ́ẹ̀sì dé ló fi pákó dí wọn pa. Ó ní, "Ẹ di ènìyàn nímú, ẹ tún wá ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀!"

Bó ṣe gorí àjà lọ ṣí ihò àkọ́kọ́ nìyẹn, tí pákó jíjẹrà já lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló fà á yọ bí ìdérí ìgò. Kíá, ooru gba òkè lọ, afẹ́fẹ́ tútù rọ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Fìlà alága fò. Ìwé àṣẹ gbéra lórí tábìlì, ó bá ihò náà lọ, wọn ò sì rí i títí dòní.

Káfíńtà gbọn eruku sòkòtò. "Alága, ṣé ẹ rí i báyìí pé ara tèmi ló dí afẹ́fẹ́ lọ́nà lẹ́ẹ̀kan?"

Alága rẹ́rìn-ín títí, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún ibẹ̀ ṣe. Bàbá ṣí mọ́kànlá tó kù, ó so fáànù ńlá tí ń yí jẹ́jẹ́ sábẹ́ wọn, ó kun páànù òrùlé lọ́dà funfun títí oòrùn fi gbójú síbòmíràn. Ẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, fún yàrá ìwé àtijọ́.

Ẹni tó ń ta ẹ́ẹ̀sì fárígá. "Bàbá, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́!"

"Ọjà tìẹ ń ké, tèmi ń mí. Èwo lo fẹ́ kó sùn tì ẹ́?"

Ṣùgbọ́n kó tó dé ilé ìkàwé, òkè ibùsùn ilé rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sí, lọ́jọ́ tí òjò ṣú.

"Baálé mi, òjò ń rọ̀ sí mi lójú o!" Ìyàwó rẹ̀ ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti mọ̀nà nìyẹn, ó kàn mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ dání ni."

Nígbà tí bàbá papò dà, gbọ̀ngàn náà ti ń kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án gangan. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ wọlé wá. Kò béèrè ìwé kankan. Ó jókòó, ó wo òkè pẹ́, ó gbórí lé tábìlì, oorun sì gbé e lọ.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn.

"Ṣé ẹ ò ní jí wọn ni, mà?" Òǹkàwé kan ló béèrè.

Ìyá olùtọ́jú ìwé fi ìka lé ètè. Ó rìn jẹ́jẹ́ lọ sí fèrèsé tó sún mọ́ opó náà, ó sì ṣí i díẹ̀ sí i.