Orúkọ Tí Mo Sọ Àbúrò Ọkọ Mi

Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ifọ̀, wọ́n rán mi létí pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Èmi ni kí n wá orúkọ tí màá máa pè wọ́n. Ìyẹn kò le. Èyí tó pupa di Apọ́nbéporẹ́, èyí tó ń lo gíláàsì di Akọ̀wé. Ó wá ku àbúrò ọkọ mi obìnrin, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Akute, tó sì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ.

Háà, obìnrin yìí mọ̀ ọ́n kùn! Òjò rọ̀, ẹjọ́ ni. Òjò ò rọ̀, ẹjọ́ ni.

Tísà ni mí, mo gbọ́ òyìnbó, inú mi sì burú díẹ̀. "Grumpy" ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé á mọ̀ ọ́n nínú kàtúùnù. "Moaner" kò níyì. "Curmudgeon", ìyẹn òǹrorò tí kì í yé kùn, ló dún bí orúkọ oyè. Mo kúnlẹ̀, mo pè é bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà á. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, gbogbo ilé ń pè é, èmi ń sá lọ rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná.

Ọjọ́ kan ló ní, "Ìyàwó, mo fẹ́ ṣe sáìnbọ́ọ̀dù tuntun. Orúkọ tí o sọ mí yẹn ni mo máa kọ sí i gàdàgbà."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń lọ sí ọ́fíìsì l'Ékòó á kà á, ẹnìkan á sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ibo ni màá gbé ojú mi sí nínú ilé yẹn? Mo ronú lọ́jọ́ kìíní, mo ronú lọ́jọ́ kejì; ìtìjú ò jẹ́ kí n lanu. Lọ́jọ́ kẹta mo wọkọ̀ lọ sí Akute, mo kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ, mo jẹ́wọ́.

Kò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ọ̀sẹ̀ tí o sọ mí lórúkọ gan-an ni mo ti wò ó lórí fóònù. Kò sí sáìnbọ́ọ̀dù kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá jẹ́ kí ayé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣáà wá."

"O wá. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi rò ó."

Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni. Ó kùn mọ́ mi títí ó fi ran bùbá kan tán, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.