Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí àìsàn ọpọlọ tó dé, kò sí páàtì ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò mọ̀ ní Abossey Okai, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Accra. Bí oníbàárà bá ka nǹkan mẹ́wàá sílẹ̀, kò ní kọ ọ́ síbì kankan. Á kàn wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, á sì kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde.

Oògùn ilé ìwòsàn lé àwọn ohùn tó ń gbọ́ létí lọ, àmọ́ kò dá iyè rẹ̀ padà. Á gbé omi kaná, á sì gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní èèyàn lè tún iyè kọ́, bí a ṣe ń tún ẹsẹ̀ tó kán kọ́ ní ìrìn. Ó kọ orúkọ páàtì sórí páálí pélébé mẹ́wàá. Ó ní láràárọ̀, kí n kà wọ́n fún un, kí n dà wọ́n dé, kí ẹ̀gbọ́n mi wá kà wọ́n padà láìwò wọ́n. Àbúrò bàbá wa tó ni ṣọ́ọ̀bù fún wa ní oṣù mẹ́ta. Bí iyè rẹ̀ kò bá jí, ẹlòmíràn ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má bá a sọ ọ́ o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Jẹ́ kó wá a fúnra rẹ̀."

Ó rọrùn fún un láti sọ. Ọkùnrin tó ń gbé mi kọ́ èjìká lọ sílé ìwé, tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, kí n wá jókòó síwájú rẹ̀ bíi tíṣà, kí n máa wò ó bó ṣe ń làágùn nítorí fáńbẹ́ẹ̀tì? Bó bá ti dákẹ́, tó ń fọwọ́ ra orúnkún, mi ò ní lè mú un mọ́ra.

"Bùrọ̀dá, ṣebí pọ́lọ́ọ̀gì lẹ fẹ́ sọ."

"Ẹn-ẹn, pọ́lọ́ọ̀gì ni."

Èmi á sì sàmì sínú ìwé tí nọ́ọ̀sì fún mi, pé ó gbà á láìṣì. Àṣírí rẹ̀ ni mo rò pé mò ń bò. Mo gọ̀.

Oṣù kẹta pé. Àbúrò bàbá wa ní kí ó mú nǹkan mẹ́ta péré wá: pọ́lọ́ọ̀gì, fáńbẹ́ẹ̀tì, bẹ́ríǹ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú pọ́lọ́ọ̀gì, ó dúró. Ó fọwọ́ ra itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, kò wo pẹpẹ páàtì kankan, ẹnu mi ló tẹjú mọ́, ó ń retí. Àbúrò bàbá wa nawọ́ sí mi pé kí n má sọ nǹkan kan. A dúró báyẹn títí tí àbúrò bàbá wa fi na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú trotro, bọ́ọ̀sì èrò tó ń gbé wa lọ sílé, ni ẹkún gbé mi. Oṣù mẹ́ta tó yẹ kó fi wo ara rẹ̀ sàn, èmi ni mo jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu ojú mi.

"Má sunkún, àbúrò mi," ló ní. "Ìwọ ṣáà gba gbogbo ẹ̀, páálí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."