Òṣìṣẹ́ Mẹ́fà, Òṣìṣẹ́ Mẹ́jọ: Bí Mo Ṣe Yan Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní oko bàbá mi lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, kò sí ọmọ tó lè dá òṣìṣẹ́ gidi mọ̀ bíi tèmi. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ènìyàn bá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká tó ń bọ̀ lọ́nà oko, mo ti lè sọ iye ebè tó máa kọ kí oòrùn tó dé àtàrí. Mo máa ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo máa ń wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, mo sì máa ń wo ẹnu ọkọ́ rẹ̀ bóyá ó ń dán. Àwọn àgbà a máa bi mí léèrè, ẹ̀rín á máa pa wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n.

Àáró la fi ń ṣe oko ńlá nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin á kó ara wọn jọ, lónìí wọ́n á ṣe oko tèmi, lọ́la wọ́n á ṣe tìrẹ, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe oko rẹ̀ ni yóò bọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ó sì di dandan kí òun náà lọ ṣe tiwọn.

Ẹgbẹ́ àáró méjì ló wà nítòsí wa. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin mẹ́fà, àwọn géńdé tí igẹ̀ wọn fẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ ebè, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ń mì. Ẹgbẹ́ kejì jẹ́ ọkùnrin mẹ́jọ. Àwọn yẹn kò ní ariwo kankan, méjì nínú wọn tilẹ̀ ti ń hewú. Wọ́n á kàn tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù.

Lọ́dún kan, bàbá mi fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀. Èbù iṣu ti wà nílẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n ti gé e sílẹ̀, bí wọn kò bá sì tètè gbìn ín, yóò bàjẹ́. Bàbá mi pè mí, ó ní kí n lọ sí ulé olórí àwọn mẹ́jọ, ulé ni àwa ń pe ilé lọ́dọ̀ wa, kí n ní òun ń bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ kejì. Mo lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni mo ti rí àwọn mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ọkọ́ wọn, tí ara wọn ń dán fún òógùn. Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi kò mọ òṣìṣẹ́ tó mi. Àwọn mẹ́fà ni mo bẹ̀.

Wọ́n wá. Ebè tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, ènìyàn lè jókòó lé e. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko wọn ń dúró wò wọ́n. Ṣùgbọ́n oko náà gbòòrò, ẹni mẹ́fà kò sì lè wà níbi tí ẹni mẹ́jọ yẹ kó wà. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, apá kan oko náà ṣì wà bó ṣe wà, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e sì ti jẹ́ ti ẹlòmíràn. Èbù tó kù jẹrà. Mo ti ń retí pàṣán. Bàbá mi kò nà mí. Ó wò mí láti orí àga tó gbé ẹsẹ̀ lé, ó ní:

“Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tí o pè kò burú. Bí mo bá fẹ́ gé ẹyìn, àwọn ni n óò pè. Ẹni kan ní í gun ọ̀pẹ kan, ẹni mẹ́jọ kì í gùn ún pọ̀. Ṣùgbọ́n uṣẹ́ ebè, pípín la máa ń pín in.”

Ó ní kí n lọ da èbù jíjẹrà náà nù. Òórùn rẹ̀ kò tètè kúrò ní ọwọ́ mi.

Ó ti pẹ́ o. Mo ti di bàbá ọmọ. Kòkó ni mò ń rà tí mo sì ń tà, ẹ bi wọ́n láti Ìkẹ́rẹ́ dé Igbara-Odo. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ àpò kòkó, mo ti mọ̀ bóyá ó gbẹ tàbí wọ́n fẹ́ tàn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí, kì í ṣe ti kòkó.

Àkọ́bí mi obìnrin ti jáde ní yunifásítì, ó sì pẹ́ nílé kó tó ríṣẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ máa dé, ilé ìwé kan lọ́nà jíjìn ló ní kó máa bá àwọn sọ ẹ̀kọ́ inú ìwé di fídíò. Kó tó ṣe é dé ìdajì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ kú pátápátá. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bí gbogbo rẹ̀ kò bá pé kí àwọn ọmọ tó wọlé sáà, ẹlòmíràn ni àwọn máa gbé e fún. Ọmọ náà kò lè jẹun mọ́. Mo ní kó má sunkún, èmi bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, n óò ra òmíràn. Bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó wá lo ìsinmi nílé, ṣe gbọ́ báyìí, ó ní bí a bá máa rà á, èyí tó lè gbá géèmù bọ́ọ̀lù dáadáa ni kí a rà, nítorí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé wa máa ní. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ awò ojú. Ó gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì kalẹ̀ fún wa.

“Bàbá, gbogbo ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì ló dọ́gba. Pírósẹ́sọ̀ wọn nìkan ló yàtọ̀.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ọpọlọ rẹ̀ ni, Bàbá. Òun ló ń ronú fún gbogbo ìyókù.”

“Mú un jáde kí n wò ó. N kì í ra kòkó láìla ọmọ rẹ̀ wò.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú irú méjèèjì tó wà nínú páálí fi hàn mí. Kò ju bisikíìtì kan lọ. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán bí ìdí abọ́ tuntun. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì, mo yí wọn síbí, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Bákan náà ni wọ́n rí lójú mi. Èmi tí mo lè fi ọwọ́ mọ kòkó tí òjò pa lẹ́ẹ̀kan péré, n kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Ẹ wò ó báyìí, Bàbá. Bí ẹni pé òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú èyí, wọ́n sì yára gan-an. Mẹ́jọ ló wà nínú ìkejì, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò yára tó àwọn mẹ́fà wọ̀nyẹn.”

Ó yẹ kí etí mi ti là nígbà náà. Kò là.

Ó kọ́kọ́ fi wọ́n kọ lẹ́tà, ó fi wọ́n wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi wọ́n gbọ́ orin. N kò rí ìyàtọ̀ kankan, òun náà ní kò sí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ kò le fún èyíkéyìí nínú wọn. Ìgbà tí ọmọkùnrin mi wá jókòó sí ìdí géèmù ni ọ̀rọ̀ yí padà. Lórí olóṣìṣẹ́ mẹ́fà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré bí omi tó ń ṣàn. Ó bọ́ sórí olóṣìṣẹ́ mẹ́jọ. Ìyẹn náà ń lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣù mọ́ra lójú ilé, àwòrán á máa já díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ rí i, Bàbá? Ojú yín lẹ fi rí i o,” ni ọmọkùnrin mi wí.

Àwọn tó wá ra nǹkan ti yí wa ká. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ mí, ó ní, “Bàbá oníkòkó, ẹni tó bá mọ ojúlówó kò ní í fi èyí sílẹ̀.” Orí mi wú. Mo fi ọwọ́ lu àpótí olóṣìṣẹ́ mẹ́fà. Mo ní, “Èyí ni. Mo ti sọ ọ́.” Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí mo bá ti ní mo ti sọ ọ́, ó tán nìyẹn.

Àfi bí ọmọ mi obìnrin ṣe kúnlẹ̀ láàárín àwọn wáyà tó wà nílẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe géèmù ni wọ́n gbé fún mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ mi sórí méjèèjì ná.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti dé,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Yóò ṣe iṣẹ́ yín náà, á kàn pẹ́ díẹ̀ ni.”

“Díẹ̀ tí ò ń wí yẹn ni wọ́n máa fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ti sọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn, ọmọ mi sì ní kí n kó o jẹ. Inú bí mi, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, ó ti rù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀rọ̀ bàbá mi wá sí mi lọ́kàn níbi tí mo dúró sí, àfi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Mo yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

“Fídíò tí ọmọ mi ń ṣe yìí, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà lè pín in ṣe?”

Ó wò mí bí ẹni tí kò retí rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá. Bó bá fẹ́ kó o jọ di odindi, wọ́n á pín in wẹ́wẹ́, kálukú á mú tirẹ̀. Géèmù bíi ti àbúrò wa yìí ni kò fẹ́ ṣeé pín tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó kù á máa dúró dè é.”

“Ọ̀pẹ ni géèmù,” mo wí. Kò yé ẹnì kankan nínú wọn, n kò sì ṣàlàyé.

Mo ní kí ọmọ mi dìde, kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí méjèèjì, kó sì jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra àgbàdo sísun lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ọmọ mi tún ń ṣí ìwé, ó ń ṣí àwòrán, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Olóṣìṣẹ́ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́sẹ̀, bí ọmọ mi bá tẹ nǹkan, ẹ̀rọ náà á dúró kó tó dáhùn. Olóṣìṣẹ́ mẹ́jọ ń lọ jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. N kò tíì jẹ àgbàdo náà tán tó fi ní òun ti parí. Èkejì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ìrìn rẹ̀ ṣì kù.

Mo dìde. Mo ní, “Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo ti kó o jẹ. Ẹ di olóṣìṣẹ́ mẹ́jọ fún wa.” Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Kò pa mí.

Ọmọkùnrin mi kọjú sí fèrèsé takisí títí a fi délé. Mo sọ fún un pé èyí tó fẹ́ kò burú, bó bá jẹ́ géèmù ló ń gbé oúnjẹ wọlé, òun ni à bá rà. Ó ní ó ti yé òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà náà fún un bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Mo gbọ́ lọ́jọ́ kan tí ọmọkùnrin náà ń ráhùn pé àwòrán ń já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Jẹ́ kó já. Ṣé jíjá ló jẹ góòlù mẹ́rin tí wọ́n gbá wọlé ẹ?”

Iṣẹ́ náà pé kí àwọn ọmọ tó wọlé. Wọ́n tún gbé òmíràn fún un, ó sì ti ń jẹun báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yàtọ̀. Nígbà ayé bàbá mi, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ọ, o ó rí òógùn rẹ̀, o ó gbé omi fún un, o ó mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́. Lónìí, ẹni mẹ́jọ ń ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀ mi láti àárọ̀, n kò tíì rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Wọn kì í bèèrè oúnjẹ, àfi iná àti atẹ́gùn. Ọmọ ni mo ní láti bi kí n tó mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, bàbá mi kì í bi ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń sá kòkó ló kàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù síwájú mi, ó ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́. Ọdún kẹta ni mo sá kúrò nílé ìwé, tíṣà kan kò rí mi mú jókòó rí. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún ọmọ mi ti wá ránṣẹ́ sí i pé bí ohùn mi bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì, gbogbo ọmọ náà ló máa ń dákẹ́.