Ilé Tí Mo Fi Ẹnu Kọ́ fún Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń wẹ̀ fún mi ní gbangba, omíyalé wó ògiri ẹ̀yìn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, kó èmi àti Ìyá Àgbà tó tọ́ mi lọ sílé rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n máa fi tún ògiri náà mọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí agboolé mọ bó ṣe ń rí. Iwájú ilé ni Ìyá Àgbà ń jókòó sí láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Ìdúmàgbò tí kò ní kí wọn. Àkàrà gbígbóná la fi ń mu ògì. Tí bọ́ọ̀lù mi bá ba abọ́ wọn, màá kúnlẹ̀, màá káwọ́ sókè. Ní Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Wọn ò tú ẹrù, wọn ò jẹun. Wọn ò tiẹ̀ bá mi wí mọ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Mo ti gbọ́ pé ẹbí ti wó ìyókù ilé náà. Bọ̀dá ní, "O ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màmá gbọ́ o." Nígbà tí Ìyá Àgbà wá bi mí pé, "Àlàó, ibo ni wọ́n kọ́ ọ dé?" mo ní Bọ̀dá sọ pé ògiri ti dúró. Wọ́n jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà. Ó dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo fi ẹnu kan páànù. Wọ́n ní ooru máa ń mú níbẹ̀, mo fi fèrèsé kan kún un. Nígbà tí wọ́n tún kọ oúnjẹ, mo ní wọ́n ti kun yàrá wọn ní búlúù.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé, Ìyá Àgbà ò sí nílé, ẹrù wọn náà ò sí. Èmi àti Bọ̀dá wá wọn dé gáréèjì kí n tó lè jẹ́wọ́. Bọ̀dá ò lù mí. Ó kàn fà mí lápá, a wọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Orí bẹ́ǹṣì aládùúgbò la bá wọn, wọ́n kọjú sí ilẹ̀ gbalasa níbi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀, ẹrù wà lórí itan wọn.

Wọ́n ní, "Àlàó, wá fi yàrá búlúù mi hàn mí."

Mo ti di géńdé báyìí, Ìkòròdú la ṣì wà. Ìyá Àgbà ti tú ẹrù, wọ́n ń jẹun níwọ̀nba, wọ́n tún ń bá mi wí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbà. Lónìí, tí mo bá ní òjò ti dá, wọ́n á rọra dìde, wọ́n á lọ wo òde fúnra wọn.