Àdúà Tí Kò Ní Àníyàn

Ohùn ọmọbìnrin náà dùn, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Fate, nílùú Ìlọrin, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ni fóònù mi bá dún. Mi ò mọ nọ́ńbà náà. Ó kí mi bíi pé inú ilé kan náà la jọ ti jí. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bí ooru ṣe ń ṣe wá. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun ní àǹfààní kan fún mi.

"Àǹfààní kí ni?"

"Àǹfààní òwò ni, mà. Sẹ́mínà kan ń bọ̀ ní GRA lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni."

"Òwò wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí fóònù. Ẹ ṣáà wá. Kí ẹ sì mú èèyàn méjì dání."

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn ò bá lè dárúkọ rẹ̀ fún mi, mi ò fẹ́ kó wọ etí mi rárá. Ṣùgbọ́n wọn ò fi mí sílẹ̀. Nọ́ńbà ń yí, ohùn ń yí, ọ̀rọ̀ ò yí. Bí mo bá dí ọ̀nà mọ́ ọ̀kan, òmíràn á gba ibòmíràn wọlé. Wọ́n pè mí nígbà tí mo ń ro ọkà lórí iná, wọ́n pè mí nígbà tí mo wà níwájú kíláàsì tí ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Ó wá di pé bí fóònù bá ti gbọ̀n lórí tábìlì, àyà mi á já. Mo máa ń bi ara mi pé, bí ire ni wọ́n ń gbé bọ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń lé mi kiri?

Lọ́jọ́ kan mo fi ìbínú bi ọmọbìnrin olóhùn dídùn náà pé ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi.

"Bàbá yín ni, mà," ló wí. "Ààfáà. Wọ́n tiẹ̀ ti ní àwọn ń bọ̀."

Ara mi bù máṣọ.

Kí ẹ lè mọ ìdí ẹ̀rù mi, ẹ ní láti mọ irú èèyàn tí bàbá mi jẹ́. Ilé kéwú ló ń ṣe nínú agbo ilé wa, lẹ́yìn Ọjà Tuntun. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ, ó ti kọ́ àwọn ọmọ àwọn ọmọ náà. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àwọn obìnrin máa ń kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún àsàlátù, oníṣòwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló pọ̀ nínú wọn, opó sì wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í gba ṣọ́ọ̀bù tuntun, wọn kì í fi ọmọ fọ́kọ, wọn kì í gun mọ́tò lọ sí ọ̀nà jíjìn, àfi tí Ààfáà bá ti ṣàdúà sí i. Bí òun bá ní "Àmín", ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn. Bí bàbá mi bá wá lọ sí GRA yẹn, kò ní í dá lọ, ohunkóhun tó bá sì gbọ́wọ́ lé níbẹ̀, gbogbo wọn ni yóò gbọ́wọ́ lé e. Orí èyí ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo bọ́ sínú mọ́tò, ó di ilé wa. Mo bá a lórí awọ àgùntàn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé eyín. Ó ti gbé àlùkíḿbà rẹ̀, aṣọ ńlá tó máa ń dà bora lọ sóde pàtàkì, jáde kúrò nínú àpótí, ó ń sá a sí afẹ́fẹ́.

"Àwọn ọmọ kan pè mí," ni bàbá mi wí, kí n tó kí i tán. "Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Wọ́n sàláámà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wàláhì. Wọ́n ní kí n wá fi àdúà ṣí ìpàdé àwọn."

"Ìpàdé kí ni, Bàbá?"

"Ìpàdé òwò."

"Òwò kí ni?"

Ó wò mí bíi pé èmi ni mo hùwà àìdáa. "Mùsùlùmí pè mí, mo sì ti jẹ́ ìpè náà. Ṣé kí n wá máa fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti darú. Lójú èmi, ìpè ni ohun tó ń dún nínú báàgì mi tó ń já mi láyà. Lójú bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin, ìpè ni kí èèyàn wá fi sàláámà bẹ̀ ọ́ pé kí o wá bá òun ṣe ìsọmọlórúkọ, tàbí nìkáì, tàbí wòlímọ̀ ọmọ òun tó parí kéwú. Irú ìpè bẹ́ẹ̀, dandan ni kí Ààfáà jẹ́ ẹ. Kì í sì í dá lọ, nítorí bó bá dá lọ, ojú á ti ẹni tó pè é. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kó mú èèyàn méjì dání, ẹ̀kọ́ ilé ló gbọ́ ní tirẹ̀. Ó tiẹ̀ ka méjì sí ìtìjú. Gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù ló ti sọ fún.

Mo pariwo. Mo ní jìbìtì ni, mo ní wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ jẹun ni.

"O ti rí wọn rí?"

"Rárá, Bàbá."

"O mọ ohun tí wọ́n ń tà?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Nígbà tí o kò mọ̀," ló wí, ó ń na àlùkíḿbà rẹ̀ kó má baà hunjọ, "má pe ọmọ ọlọ́mọ lólè."

Òótọ́ ló sọ, síbẹ̀ ẹ̀rù ò kúrò lọ́kàn mi títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.

Nígbà tó di Sátidé, mo tẹ̀lé wọn. Àwọn obìnrin kún inú bọ́ọ̀sì nínú híjáàbù funfun wọn, wọ́n ń fi àsàlátù gbéra. Nígbà tí a dé GRA, inú gbọ̀ngàn sẹ́mínà náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ, orin sì ń lu àyà èèyàn láti inú àwọn sípíkà. Wọ́n ta báńnà láti ògiri kan dé èkejì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá nípa ọjọ́ ọ̀la sí i, wọn ò dárúkọ ọjà kankan. Ọmọbìnrin olóhùn dídùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ti to èébú kalẹ̀ dè é láti ilé. Àṣé kò ju àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì mi lọ, bàtà rẹ̀ sì ń há a débi pé ó ń fẹsẹ̀ kan sinmi èkejì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Èébú náà kú sí mi lẹ́nu.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gba máìkì. Ó ní kí oníkálukú sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìgbà tirẹ̀ ti dé. Àwọn obìnrin wa ń sọ ọ́ fún ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní àwọn tó máa ń béèrè ìbéèrè jù ni ìṣẹ́ ń bá gbé. Ó dà bíi pé èmi ló ń wò. Lẹ́yìn náà ló wá ké sí Ààfáà kó wá ṣàdúà.

Bàbá mi dìde, ó gbọ́wọ́ sókè, ó dijú. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ẹnì kan sáré síwájú, ó ń fi fóònù ya fọ́tò. Mo ń wí nínú ọkàn mi pé ó ti parí, ó ti tán.

Bàbá mi lajú. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "kí ni àníyàn wa?"

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi kọ́ mi nílé kéwú nìyẹn. Kí o tó ṣe àlùwàlá, kí o tó gba ààwẹ̀, kí o tó gbọ́wọ́ sókè sí Ọlọ́run, o ní láti ní àníyàn: kí ni mo fẹ́ ṣe yìí, nítorí kí sì ni? Láìsí i, iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àníyàn kejì, èyí tó máa ń jẹ èèyàn lọ́kàn, èmi ni mo ti ń gbé ìyẹn kiri jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà.

"Ààfáà, ẹ ṣáà bá wa bẹ Ọlọ́run kó fi àlùbáríkà sí i," ni ọkùnrin náà wí.

"Sí kí ni?"

"Sí òwò náà, sà."

"Òwò wo? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ aṣọ, n ó sọ pé aṣọ ni. Tó bá jẹ́ ẹja, n ó sọ pé ẹja ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. "A máa ṣàlàyé lẹ́yìn àdúà, sà."

Bàbá mi rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò fi pa ojú, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí àdúà bá parí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àwọn àtẹ́lẹwọ́ yẹn tí wọ́n ń wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ló wí. "N kò mọ ohun tí n ó tọrọ." Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀, ó jáde, a sì tẹ̀ lé e.

Díẹ̀ ló kù kí n jó níta. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò rẹ́rìn-ín, ó dúró lẹ́nu bọ́ọ̀sì, ó ń wo bí àwọn obìnrin náà ṣe ń wọlé.

"Ìyá ẹlẹ́pà dà?"

Opó ni ìyá ẹlẹ́pà, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu ọ̀nà ilé kéwú ló ti ń ta ẹ̀pà. Mo sáré padà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ẹni tó wà níbẹ̀ sì ní ètò ti bẹ̀rẹ̀. A dúró dè é títí, kò jáde.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni fọ́tò kan wọ orí WhatsApp àdúgbò wa. Bàbá mi ni, pẹ̀lú láwàní funfun rẹ̀, ó dijú, ó gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Ààfáà wa ti ṣàdúà sí i. Ìwọ ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ìgbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Mo gbé e lọ fún un. Ó na fóònù náà jìnnà sí ojú rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

"Ọwọ́ mi nìyí," ló wí. Ó béèrè bóyá a lè pa á rẹ́. Mo ní kò ṣeé ṣe mọ́, ó ti dé ọwọ́ ẹni tí a ò mọ̀. Ó tún wo fọ́tò náà. Mi ò rí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ níṣojú ara rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà." Ohùn obìnrin ni, ó ń fà, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un. "Mo ní àǹfààní kan fún yín. Kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí fóònù. Ààfáà wa pàápàá ti ṣàdúà sí i."

Bàbá mi gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu. "Ìyá ẹlẹ́pà."

À ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni. Kí ni òwò náà?"

"N kò mọ̀, Ààfáà." Ó ti ń sunkún. "Wọ́n kó nọ́ńbà fún mi, wọ́n ní tí n kò bá rí èèyàn mú wá, owó mi ti wọgbó nìyẹn."

"Kí wá ni àníyàn rẹ, tí o fi ń pe èèyàn?"

"Ẹ̀rù ni, Ààfáà. Ẹ̀rù nìkan ni."

Bàbá mi gbé fóònù náà sórí awọ àgùntàn láàárín wa, kò pa á.

"Ó dáa," ló wí. "Ìyẹn ní orúkọ."

Ó gbọ́wọ́ sókè. Èmi náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò tíì tọrọ nǹkan kan tí mo fi ń gbọ́ ìyá ẹlẹ́pà nínú fóònù, tó ń ṣe àmín, àmín.