Oṣù Kejìlá Tí Sanae Kò San Ojú Owó

Awakọ̀ ojú irin ìgboro ni Tetsuo Kuwabara ní ìlú Okayama, ṣùgbọ́n kò mọ bí owó oṣù rẹ̀ ṣe ń rìn. Sanae ìyàwó rẹ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀, òun ló sì ń yọ owó sìgá fún un níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọkùnrin àdúgbò wọn ṣe ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń tijú.

Owó báńkì ni wọ́n fi ra ilé wọn, tí wọ́n bá sì ń san án bí báńkì ṣe là á sílẹ̀, Tetsuo á ti hu ewú tán kí gbèsè tó tán. Sanae ní kò ṣeé gbọ́. Ní gbogbo oṣù Kejìlá, tí bónọ́ọ̀sì bá ti dé, á wọ kóòtù rẹ̀ tó dáa, á lọ sí báńkì, á fi owó náà gé lára ojú owó tí wọ́n yá gan-an, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń san lóṣooṣù.

"Ojú owó ni ká máa gé, Bàbá Kiyomi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ká wo ibi tí èlé á dúró sí tá a bá gé e tán."

Òtútù á wá mú, ẹ̀hù ẹ̀wà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n á máa jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Tetsuo á kùn, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn. Ilé yẹn nìkan ni nǹkan tó lè nawọ́ sí láyé pé tòun ni.

Lọ́dún 1984, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, àwọn sì ti gé e kúrò. Tetsuo padà sẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ kì í fẹ́ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń já bọ́. Oṣù Kejìlá dé, bónọ́ọ̀sì dé. Kóòtù Sanae kò kúrò níbi tó so ó kọ́.

"Ìyá Kiyomi, ṣé o ti dé báńkì?"

"Mo ti dé ibẹ̀," ni Sanae wí, kò yíjú kúrò nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Tetsuo ì bá gbà á gbọ́, tí kì í bá ṣe ti Numata. Numata ni òṣìṣẹ́ báńkì tó ń fi alùpùpù káàkiri ilé gba owó ìfipamọ́. Ó rí Tetsuo ní ibùdókọ̀, ó kígbe:

"Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ìyàwó yín mà ti pa wá tì lọ́dún yìí o. A retí wọn, retí wọn!"

"Kò wá?"

"Ẹsẹ̀ wọn ò tẹ ọ̀dọ̀ wa rárá."

Sanae purọ́ fún un! Ni Tetsuo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo rẹ̀ papọ̀. Sanae àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kobe ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ náà sì máa ń gé sẹ́nu tí Tetsuo bá wọlé. Ojú Sanae máa ń pọ́n. Ẹja túná olówó gọbọi, èyí tí kì í rà àfi tí wọ́n bá já owó lórí rẹ̀ lálẹ́, ló ń rà lọ́sàn-án gangan báyìí. Ó tilẹ̀ fi kún owó sìgá láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Obìnrin tó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ ló máa ń fi oúnjẹ dídùn bo ọkọ lójú. Tó bá kó owó àti Kiyomi lọ sí Kobe, kí ló kù fún Tetsuo? Òun àti gbèsè ló kù nínú ilé òfìfo.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kọrí sí báńkì, ó bá Numata nídìí tábìlì.

"Ṣé ìyàwó mi ti gbówó jáde ni?"

"Rárá o. Kọ́bọ̀ ò kúrò nínú àkáǹtì, ó wà lórúkọ yín."

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú. "Kí ló wá lè mú kí ẹni tó lówó lọ́wọ́ má gé ojú owó?"

Numata rẹ́rìn-ín. "Ó pọ̀, ọ̀gá. Ẹlòmíì fẹ́ ra mọ́tò. Ti ẹlòmíì, àìsàn ni. Ṣé ẹ rántí pé adójútòfò wà lórí gbèsè yẹn? Tí ẹni tó yáwó bá kú, àwọn ni wọ́n á san gbogbo èyí tó kù, ilé á sì di ti ìyàwó àtọmọ. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń kú lọ, tó tún ń gé ojú owó, ó kàn ń dà á sódò ni. Ẹ̀yin dẹ̀ rèé, ara yín ti yá!"

Tetsuo tẹríba, ó dúpẹ́. Ó jáde síta.

Ta ni kò mọ̀ pé dókítà ilẹ̀ wọn nígbà náà kì í sọ àrùn tó ń pani fún ẹni tó ń ṣe? Ìyàwó ni wọ́n ń pè sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó pa á mọ́ra. Nígbà tí ìyá Tetsuo ń kú lọ, Tetsuo fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í, tó ń sọ fún un pé ikọ́ lásán ni. Ẹyẹ kì í wí fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Gbogbo ẹnu ló pa á mọ́, owó ló tú u. Ojú tì í pé ó fura sí Sanae. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á, ó sì sunkún lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí.

Nígbà tó délé, Sanae wà nídìí iná.

"Ìyá Kiyomi, owó bónọ́ọ̀sì yẹn."

"Ṣebí mo ní mo ti dé báńkì."

"O ò san án. Má san án. Tí mo bá tiẹ̀ fi agídí ní kí o san án, má dá mi lóhùn."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Sanae. "Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ni, Bàbá Kiyomi, ẹ jọ̀ọ́." Ó ti ń sunkún. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà báńkì yẹn. Mo ní kí n san án, kó lè dà bíi pé ẹ ò níí kú. Mo tún rántí ọmọ. Bí mo ṣe ṣẹ́rí padà, ṣe ló dà bíi pé mo ti sin yín."

"O ṣe é re."

Tetsuo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé tí ikú rẹ̀ máa san gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ, kò pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ rí.

"Sanae," ó ní, "ẹ̀rù ń bà mí."

Sanae pa iná, ó sì wá jókòó tì í.