Bọ̀ọ̀dá Jídé Kò Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Babájídé kò lè jókòó sójú kan. Bó bá ń jẹun, á dìde. Bó bá ń kàwé, á máa yí tábìlì po tòun ti ìwé lọ́wọ́, títí ìyá wa á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbẹ́ kòtò sílẹ̀ onílé. Ìbéèrè ló ń lé e kiri. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ti bọ̀ọ̀dá mi yàtọ̀. Ó mọ ọ̀nà dáadáa. Ẹni tó ní kí ọ̀nà gba ibẹ̀ ló ń wá.

Ogbe là ń gbé ní Bìní, nínú yàrá méjì tí bàbá wa háyà. Làmídì Títíloyè lorúkọ bàbá wa, aago ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ring Road. Bàbá ń kírun, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Jídé kò ju ọmọ ọdún méje lọ tó ti ń bi wọ́n ta ni Ọlọ́run ń kọ́kọ́ dá lóhùn nínú àwọn méjèèjì. Bìní ni wọ́n bí èmi àtòun sí. Bí bàbá bá fi Yorùbá pè wá, Pijin la fi ń jẹ́ ẹ, a ti dàgbà díẹ̀ kí ẹnu wa tó là sí èdè ilé.

Iṣẹ́ apòògùn ni Jídé fẹ́ kọ́. Lọ́dún 1983, fìlọ́sọ́fì ni yunifásítì tó wà ní Ugbowo fún un. Bàbá wa bi í pé kí ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Jídé ní ọ̀rọ̀ ni, pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, àwọn á tú u wò bí bàbá ṣe ń tú aago, káwọn lè mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ bára mu. Bàbá ní ó dáa, àmọ́ kí ó rántí pé òun kì í tú aago ẹni tí kò gbé e wá bá òun. Bọ̀ọ̀dá mi kò fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Bìní máa ń ṣèpàdé ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù, nílé alága ní Ugbor. Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyì ni alága, ọ̀gá ní báǹkì kan ni, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Mi ò ní bà á lórúkọ jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àìsàn gbé ìyá wa dè, mọ́tò rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà á. Nígbà tí Jídé wọ ọdún kẹta, òun ló ní kí wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, pé ọmọ yunifásítì ni, kálámù rẹ̀ á mú. Ó mú lóòótọ́.

Ní ìpàdé oṣù kẹta ọdún 1986, alága gbaná jẹ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí kì í wá. Ó ní ọmọ ìlú lọmọ ìlú ń jẹ́, ibi yòówù kí a bí i sí, nítorí náà dandan ni kí gbogbo wọn máa wá. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìbò àwọn olóyè ẹgbẹ́ fi dé. Alága ní àwọn tí a bí sí Bìní kò lè dìbò, torí wọn kì í ṣe ọmọ ìlú ní tòótọ́. Gbogbo ilé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe mi orí sí ti àkọ́kọ́.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀lé e, Jídé dìde, ó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé náà síta:

"Alága sọ pé ọmọ ìlú ni àwọn tí a bí sí Bìní. Lẹ́yìn náà, alága sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni. Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí, ó wá béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Ugbowo ni kí wọ́n máa pe àgbà ní òpùrọ́. Jídé ní òun kò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, ohun tí etí òun gbọ́ lòun kọ. Bàbá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bọ̀ọ̀dá mi, tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́, bi í léèrè bóyá àkísà la fi ń dìbò.

Bàbá wa dìde.

"Jídé, dọ̀bálẹ̀ fún alága."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí mo kọ. Bí mo bá jẹ̀bi, màá dọ̀bálẹ̀."

"Dọ̀bálẹ̀ ná. Tó bá yá, a ó wò ó."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọdé á kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, inú àgbà á rọ̀, ọ̀rọ̀ á tán, kò sì ní sí ẹni tó tún ń wo nǹkan kan mọ́. Èyí gan-an ni bọ̀ọ̀dá mi kò lè gbé mì. Ó ní bí òun bá bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òun kò ṣe, gbogbo ara lòun fi pa irọ́ yẹn. Ó fi ìwé ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí àga, ó jáde. Nígbà tí a délé, bàbá ní kó má fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́, àfi ọjọ́ tó bá lọ bẹ alága.

Oṣù márùn-ún ló fi wà níta. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ ìyá wa lọ sí Ugbowo fún un ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, agbára káká ni mo sì fi ń rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kó kúrò ní yàrá kan sí òmíràn. Ó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ugbowo dé ẹnu àdúgbò wa, á dúró níbẹ̀ bí ẹni gbàgbé nǹkan, á sì yí padà. Àwọn aládùúgbò ló ń wá sọ fún wa. Ó bi olùkọ́ rẹ̀ kan bóyá òótọ́ ju bàbá ẹni lọ. Olùkọ́ ní ìbéèrè náà dára, kó kọ ojú ewé mẹ́wàá lé e lórí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kọ. Wọ́n fún un ní máàkì tó jọjú, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Inú máa ń bí mi sí i. Bí mo bá dé ilé, inú á tún bí mi sí bàbá.

Ní ọjọ́ kan mo sọ fún un pé bàbá kì í jẹun tán mọ́, pé á tú aago kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á kàn máa wò ó ni. Pijin ló fi dá mi lóhùn, bí a ṣe máa ń bára wa sọ̀rọ̀:

"Morọ́láyọ̀, wetin I write wey no be true?"

Mo ní kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó kọ. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sórí abọ́ oúnjẹ, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Àárò bàbá ń sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìyá wa ránṣẹ́ sí i pé bàbá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìpàdé. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu géètì alága ni mo ti bá a, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì di bébà kan mú. Ìdí mẹ́sàn-án tí òun fi jàre ló kọ síbẹ̀, ó to nọ́ńbà sí wọn. A jọ lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Bàbá wa ti wà lórí ìdúró láàárín ilé, ó ti ṣí fìlà. Ọdún mẹ́fà ló fi ju alága lọ, gbogbo ilé ló mọ̀. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ òun. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì alága. Ilé dàrú. Àwọn obìnrin ń ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Jìnnìjìnnì bo alága, ó fò kúrò lórí àga, òun náà dojú bolẹ̀, ó ń bẹ bàbá pé kó jọ̀ọ́, kó má fi èyí ké ẹ̀mí òun kúrú. Bọ̀ọ̀dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdí mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Kò ka ọ̀kan nínú wọn. Ó rìn wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀, ó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, èjìká kan èjìká.

Ọkùnrin mẹ́ta wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò lè mọ ẹni tó ń bẹ ẹnì kejì. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí, ẹkún ló jáde.

Wọ́n gbé wọn dìde, alága ní ọ̀rọ̀ ti tán, ó ní kí wọ́n gbé mínírà wá. Wọ́n dá ìwé ẹgbẹ́ padà fún Jídé, torí láti ọjọ́ tó ti lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó wo ohun tí Jídé kọ.

A kò tíì dé ibi tí a ó ti wọ mọ́tò tí bọ̀ọ̀dá mi fi dúró sójú ọ̀nà.

"Bàbá, ta ló jàre?"

"Ìwọ ni," ni bàbá wa wí. "Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀."

Mo rò pé inú Jídé á dùn. Ṣe ló fara ya. Ó béèrè kí ló dé tí òun fi sùn káàkiri fún oṣù márùn-ún nígbà náà. Bàbá ń rìn lọ ní tirẹ̀. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìlú onílùú la sì wà. Bí èèyàn bá jàre tán, ta ni yóò bá jókòó? Jídé ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Bàbá ní òun mọ̀.

Oṣù tó tẹ̀lé e, akọ̀wé dìde láti ka àkọsílẹ̀.

"Ní ìpàdé tó kọjá, a parí ìjà tó wà láàárín alága àti akọ̀wé. A kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ méjèèjì tí alága sọ lè jẹ́ òótọ́ pọ̀."

Ìyá wa di ọwọ́ mi mú, ó ń dùn mí. Alága yọ awò ojú, ó nù ún, ó fi padà. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní àtúnṣe. Ó wá béèrè ta ló dábàá pé kí a gba àkọsílẹ̀ náà wọlé bó ṣe wà.

Bàbá wa ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè.